Rachael, Akọ̀wé Mi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí Rí

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, ẹni tó bá wá fẹ́ bú mi lẹ́yìn ìyẹn, kó máa bú mi lọ. Àwọn ará ilé mi ti bú mi, wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ṣì ń jẹun, mo ṣì ń sùn.

Malikah ni mí. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni mí, Ìlobù ni mo lọ́kọ sí. Soliu Láyíwọlá, ọkọ mi, ń ṣe tíṣà l'Óṣogbo, ilé ìyá rẹ̀ la sì ń gbé. Màmá Kùmásì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà, nítorí Kùmásì ni wọ́n bí wọn sí, ọmọdé ni wọ́n nígbà tí àwọn òbí wọn kó wálé láti Gánà lọ́dún 1969.

Iṣẹ́ lébẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́. Ẹ mọ àwòrán àti orúkọ tó máa ń wà lára ọ̀rá gàrí, lára páálí ọṣẹ, lára ìgò oyin. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń yà á. Ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ni mo ti ń ṣe é l'Óṣogbo kí n tó bí Aishat. Nígbà tí mo bímọ tán, èmi àti Soliu jọ sọ ọ́ pé kí n jókòó sílé títí ọmọ yóò fi rìn dáadáa. Mo gbà. Ẹnu ni mo fi gbà á o, ara mi ò gbà.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, "Ìyàwó, ṣé o ti jẹun?" Tó bá di ọ̀sán, "Ìyàwó, ṣé ọmọ ti sùn?" Wọ́n fẹ́ràn mi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó wá dà bíi pé mi ò lórúkọ mìíràn láyé ju ìyàwó lọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí mi sọ pé, "Iṣẹ́ rèé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi ṣe é."

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Síìmù tuntun ni mo rà fún un. Mo fi orúkọ tí ìyá tó bí mi ń pè mí àti orúkọ bàbá mi síbẹ̀: Ọlámidé Bámigbóyè, èyí tí wọn kì í pè mí nílé ọkọ. Mi ò fi fọ́tò ojú mi sí i, àmì ilé-iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi yà ni mo gbé síbẹ̀.

Láràárọ̀ ni àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹni yìí ní ọ́fíìsì òun wà l'Ábújá. Tọ̀hún ní òun ní ilé-iṣẹ́ ní Port Harcourt. Èmi ń kà á, ìdọ̀tí ìlédìí ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n bi mí: "Ọ̀gá Ọlámidé, níbo ni ọ́fíìsì tiyín wà?"

Kí ni ì bá ṣe mí bí mo bá kọ Ìlobù? Kò sóhun tí ì bá ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ Ìkẹjà. Wọ́n ní, àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Mo ní mẹ́fà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì dé Ìkẹjà rí títí di òní olónìí.

Irọ́ kì í dá rìn, ó máa ń wá ẹlẹ́gbẹ́ ni. Bí oníbàárà bá kọ̀wé sí mi nígbà tí mo ń wẹ Aishat, mi ò lè dáhùn, wọn a sì máa bínú. Ni mo bá wá akọ̀wé fún ara mi. Mo sọ ọ́ ní Rachael. Bí mo bá ti wẹ ọmọ tán, tí mo gbé e sẹ́yìn, Rachael á kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, Ọ̀gá wà nínú ìpàdé ni. Rachael ni mo ń jẹ́, akọ̀wé wọn."

Rachael níwà jù mí lọ. Èmi a máa gbaná jẹ, Rachael kì í bínú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú orí ire Rachael. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ mí pé bí mo bá fẹ́ dá a dúró lọ́jọ́ kan, kí n jẹ́ kí òun gbọ́. Inú mi dùn, bí ẹni pé mo bí i.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ẹni tó ń jẹ́ H. A. Akóredé. Ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń ṣe, tó ń rọ sínú ọ̀rá, tó ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Ìtura ló sọ ọjà rẹ̀. Òun náà ò fi ojú síbẹ̀, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló gbé síbẹ̀. Mi ò bi í níbi tó ń gbé, torí bí mo bá bi í, ó lè bi èmi náà, ó sì lè ní òun fẹ́ yà kí mi l'Íkẹjà.

Obìnrin gidi ni. Ó fún mi níṣẹ́ kan, ó dára lójú rẹ̀, ó fún mi ní òmíràn. Ó júwe mi fún èèyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ilé ìtajà ńlá kan l'Óṣogbo fẹ́ máa gba Ìtura lóṣooṣù. Bí lébẹ́ẹ̀lì tuntun tí mo ń yà bá tẹ́ wọn lọ́rùn, èmi ni òun yóò fi gbogbo lébẹ́ẹ̀lì òun lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí mo ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn. Mo máa ń gbàdúrà lé e lórí lẹ́yìn ìrun, mo máa ń dárúkọ H. A. Akóredé fún Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ìyá Ìfọ́n fún yín.

Ìyá Ìfọ́n ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ìfọ́n ló lọ́kọ sí, nítòsí wa níbí, ọ̀kadà kò tíì gbóná tí ẹ ó fi débẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ nílẹ̀ wa. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sílé kí n tó débẹ̀, àgbà mi ni. Bí gbogbo ilé ṣe ń pè é ní Ìyá Ìfọ́n ni èmi náà ṣe ń pè é, mi ò sì fẹ́ mọ èyí tó kù. Mo mọ̀ pé òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ọjà ló ń kó o lọ.

Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń wá kí Màmá. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i tán, kíṣìnì ló ń lọ tààrà. Á ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi, á mú ṣíbí, á rò ó yípo, á tọ́ ọ wò, á dé e padà. Kò ní sọ nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Mo ní, ṣé mo jí ẹran jẹ ni, tó fi ń wá kà á?

Ní Jímọ̀ kan báyìí, inú bí mi púpọ̀. Bí H. A. Akóredé ṣe kí mi lórí fóònù pé báwo ni iṣẹ́, mo tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní ṣé òun náà ní ẹ̀gbọ́n ọkọ. Mo ní tèmi kò níṣẹ́, kò lábọ̀, ẹran inú ìkòkò mi ló ń wá kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olójú kòkòrò èèyàn ni. Mo kọ ọ́ gùn. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Bóyá ó nídìí." Mo ní ìdí wo? Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n ya fọ́tò ọ̀rá ẹ̀lùbọ́ tí lébẹ́ẹ̀lì tuntun wà lára rẹ̀, kí òun fi han àwọn ará ilé ìtajà. Mo ra ẹ̀lùbọ́ lọ́jà, mo lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọ̀rá rẹ̀, ṣùgbọ́n tábìlì ilé wa ò ṣeé wò. Ni mo bá rántí kẹ́ǹtè Màmá. Aṣọ Kùmásì gidi ni, ọwọ́ ni wọ́n fi hun ún, ọjọ́ tí mo bí Aishat ni Màmá fi ta mí lọ́rẹ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo gbé ọ̀rá lé e, mo ya fọ́tò. Ó rẹwà. Rachael kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Láti ọ́fíìsì wa ní Ìkẹjà."

Ìdáhùn H. A. Akóredé kúrú lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Aṣọ yìí mà dára o. Níbo lẹ ti rí i?"

Rachael ní oníbàárà wa kan láti òkè òkun ló fi ta Ọ̀gá lọ́rẹ.

Ọjọ́ kejì, ìwé rẹ̀ mìíràn dé. Ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ìyàwó àbúrò òun wà ní Ìlobù, ó mọ iṣẹ́ lébẹ́ẹ̀lì, ilé ló jókòó sí nítorí ọmọ ọwọ́. Aishat ni ọmọ náà ń jẹ́. Ǹjẹ́ Ọ̀gá lè gbà á mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà?

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lọ bá Soliu, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni, mo ní kí lorúkọ ìdílé ọkọ Ìyá Ìfọ́n. Ó wò mí. Ó ní, "Akóredé ni. Hàfúsátù Akóredé ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́. Láti ọdún mẹ́rin tó o ti wà nílé yìí, o ò mọ̀?"

Mo padà sí yàrá, mo jókòó sílẹ̀. Ẹni tí mo bú ni mo bú fún. Ẹni tí mo sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Mo rò ó pé kò tíì mọ̀ pé èmi ni. Mo ní bí mo bá lè fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́, kò ní mọ̀ láéláé.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló wá wọ Rachael. Ó bi Ìyá Ìfọ́n pé irú èèyàn wo ni ìyàwó náà. Mo ń retí èébú, kí n lè rí ìdí bínú. Ìyá Ìfọ́n kọ ọ́ padà pé, "Ó le lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ń wù ú, mo ń rí i lójú rẹ̀. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó lásán."

Mo sunkún. Àmọ́ ṣé mo jẹ́wọ́? Rárá o. Rachael ní kò sí àyè iṣẹ́. Ìyá Ìfọ́n ní kò burú, òun á kàn mú un wá kí Ọ̀gá lọ́jọ́ Túsìdeè, kí Ọ̀gá lè mọ ojú rẹ̀. Rachael ní Ọ̀gá ti lọ sí Gánà. Ó ní, "Gánà ibo? Kùmásì ni wọ́n bí ìyá mi sí, a ṣì ní ẹbí níbẹ̀. Ẹ fún mi ní àdírẹ́sì, kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ fún Ọ̀gá."

Rachael ní Ọ̀gá ti dé.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, Ìyá Ìfọ́n wá. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó lọ sí kíṣìnì, ó ṣí ìkòkò, ó tọ́ ọ wò, ó dé e. Lẹ́yìn náà ló pe gbogbo wa sí pálọ̀. Ó ní òun ti bá ìyàwó rí iṣẹ́ l'Ékòó, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọlámidé kan báyìí, obìnrin tó mọṣẹ́, tó ní akọ̀wé tó níwà. Ní Túsìdeè la ó lọ.

Màmá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní Alhamdulillahi. Soliu tó ní kí n jókòó sílé ló tún wá ń sọ pé òun á gbàyè níbi iṣẹ́, òun á bá Màmá tọ́jú ọmọ. Mo ní inú ń run mí. Wọ́n fún mi lóògùn. Mo ní mo lè wá iṣẹ́ ṣe láti ilé. Ìyá Ìfọ́n yíjú sí mi, ó rọra bi mí bóyá èèyàn lè jókòó sílé kó sì rí oníbàárà gidi. Mo ní kò dájú. Ẹ gbọ́ mi o, èmi ni mo fẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ Túsìdeè, mo múra bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù. Ìyá Ìfọ́n dé, ó wọ ìborùn tuntun. Bí a ṣe fẹ́ dìde ni Màmá ní ká dúró. Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òfo lọ kí ẹni ńlá. Wọ́n ní kí n lọ gbé kẹ́ǹtè tí àwọn fún mi wá, kí n fi ta Ọ̀gá lọ́rẹ, àwọn á wá òmíràn fún mi.

Ọkàn mi kọ̀ ọ́, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo gbé e wá. Ìyá Ìfọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó ń fọwọ́ tọ etí rẹ̀ lọ títí ó fi dé igun kan. Ojú ibi kékeré kan tí iná ti jó wà níbẹ̀, ó rí ṣóńṣó bí imú áyọ́ọ̀nù. Mo ti máa ń rí i, mi ò kà á sí.

Ó bi Màmá bóyá wọ́n rántí àmì náà. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní báwo làwọn ò ṣe ní rántí, ṣebí Ìyá Ìfọ́n fúnra rẹ̀ ló fi áyọ́ọ̀nù eléèédú jó o nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, tí àwọn fi nà án gidigidi.

Ìyá Ìfọ́n mú fóònù rẹ̀ jáde, ó nà án sí Soliu. Ó ní kó wo fọ́tò yẹn, kó sì ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sókè. Soliu kà á. "Láti ọ́fíìsì wa ní Ìkẹjà. Rachael, akọ̀wé." Ó wo fọ́tò, ó wo aṣọ tó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú iná wà lára méjèèjì.

"Ta ni Rachael?" ló bi mí.

Mo ti wà lórí eékún mi. "Èmi ni."

"Ta wá ni Ọ̀gá Ọlámidé?"

"Èmi náà ni."

"Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà ńkọ́?"

Mo ní wọn ò tíì dé. Ṣé ẹ rí ẹnu mi. Ibi tí mo ti ń kú lọ, mo ṣì ń purọ́.

Ìyá Ìfọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí fọ́tò náà lòun ti mọ̀, òun sì padà lọ ka gbogbo ohun tí mo ti kọ látẹ̀yìn wá. Ó ní òun ń dúró kí n jẹ́wọ́ fúnra mi, òun ṣí ọ̀nà fún mi títí, mo kọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé láyé:

"Irọ́ Ìkẹjà ò dùn mí. Ẹran tí o ní mo ń kà ló dùn mí. Iyọ̀ ni mo ń tọ́ wò, Malikah. Dókítà ní Màmá ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ púpọ̀ mọ́, Màmá fúnra wọn sì ní kí n má sọ fún ẹ, pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí o má bàa máa dààmú."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe orúkọ mi. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, omijé mi ń bọ́ sórí kẹ́ǹtè. Mo ní kó dárí jì mí, mo ní ẹnu mi burú. Ó ní òun mọ̀ pé ó burú, òun ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Rachael tẹ́lẹ̀.

Màmá ló gbà mí là. Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn, inú bí wọn. Wọ́n ní ta ló ní kó tú ọ̀rọ̀ iyọ̀ àwọn síta, ṣé Túsìdeè tí wọ́n ń tú àṣírí gbogbo èèyàn nìyí. Ìyá Ìfọ́n fẹ́ máa bẹ̀ wọ́n, ẹ̀rín mú un. Soliu ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ló kù fún òun: ṣé Rachael mọ ọbẹ̀ sè? Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi tí mo ń sunkún náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní mo mọ̀ pé lébẹ́ẹ̀lì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá Ìfọ́n ní ilé ìtajà Òṣogbo ti gba Ìtura, lébẹ́ẹ̀lì ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ yìn kí wọ́n tó tọ́ ẹ̀lùbọ́ wò. Ó ní òun ṣì fẹ́ ẹni tó yà á. "Ṣùgbọ́n mi ò bá ará Ìkẹjà ṣòwò. Ibi tó o ti purọ́ ni kó o ti sòótọ́, níṣojú wa níbí."

Mo mú fóònù. Mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé Ìlobù ni mo ń gbé, inú yàrá mi ni ọ́fíìsì mi, ọmọ wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sí òṣìṣẹ́ kankan, kò sì sí Rachael. Mo fi ránṣẹ́, mo dojú fóònù délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́.

Soliu ló bá mi kà á. Oníbàárà méjì ní àwọn ò bá mi ṣe mọ́, mo sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ará Ábújá ní kíṣìnì ìyá òun ni ọ́fíìsì òun. Ará Port Harcourt ní ká má bínú, abúlé kan lẹ́bàá Ìkirun lòun wà. Ọkùnrin tó ń fẹ́ gba Rachael síṣẹ́ ní kì í ṣe iṣẹ́ nìkan lòun ní lọ́kàn, pé ṣé ó dá mi lójú pé kò sí. Títí di ìrọ̀lẹ́, èèyàn mọ́kànlá ló jẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ yẹn ti dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sílé ṣiṣẹ́, ilé kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà. Ẹ sì wo ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún, torí ayé tí wọ́n ní ó lu jára yìí, ó lè lu já sí kíṣìnì yín. Lẹ́yìn ọ̀rá Ìtura báyìí, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé Ìlobù ni wọ́n ti ya lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Orúkọ mi wà níbẹ̀, Malikah.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo wà ní yàrá, mo ń ṣiṣẹ́ lọ, Aishat ń fa okùn kọ̀ǹpútà. Fóònù mi dún. Láti kíṣìnì ni Ìyá Ìfọ́n ti kọ̀wé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Rachael. Ẹ bá mi sọ fún Ọ̀gá yín pé iyọ̀ ọbẹ̀ òní ṣe wẹ́kú. Mo ti ka ẹran, mẹ́jọ ni. Mo mú ọ̀kan."

Mo ronú díẹ̀, mo dá a lóhùn: "Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ mú méjì."